"Níbo lo ti rí i?" Ohun tójú mi rí nígbà sẹ́mínà, àtohun tí mo rí kọ́

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje báyìí o, síbẹ̀ tí ẹnì kan bá bi mí pé "níbo lo ti rí i?", kódà kó jẹ́ màmá mi ló ń béèrè ibi tí mo ti ra tòmátì, àyà mi á kọ́kọ́ já ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe Criminology tàbí kọ́ọ̀sì tó bá a tan, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí máa yé jù, torí ẹ mọ bí 400 level ṣe rí, sẹ́mínà lọ́tùn-ún, pírọ́jẹ́ẹ̀tì lósì, owó ọkọ̀ láti Ìkòròdú lójoojúmọ́, ká má tíì sọ ti iná. Àwọn ará ilé mi ṣì ń rò pé ọlọ́pàá ni mo fẹ́ lọ ṣe, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú àkọlé wá, temi ò gba àkókò rárá. Badoo ni, ẹgbẹ́ apànìyàn tó ń wọlé onílé lóru ní Ìkòròdú nígbà náà. Ta lọmọ Ìkòròdú tí wọ́n máa sọ Badoo fún? JSS3 ni mo wà ní 2017 tọ́rọ̀ yẹn le jù. Apá Ìgbógbó là ń gbé, dádì mi àtàwọn bàbá àdúgbò á jáde lọ ṣọ́ òde lálẹ́, àdá lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, màmá mi ò ní fojú kan oorun, gbogbo àwa ọmọ á sùn sí yàrá kan ṣoṣo, wọ́n á wá gbé àga dí ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ajá gbó lásìkò yẹn, ẹ̀yin náà á máa pe Jésù. Èmi wá rò ó pé níwọ̀n ìgbà tọ́rọ̀ ti ṣojú mi, mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, kí ni mo tún ń wádìí? Èrò yẹn ló kó bá mi.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, lórí fóònù. Kẹ́nikẹ́ni má pè mí lọ́lẹ o, kò síná ládùúgbò wa lọ́sẹ̀ yẹn, kọ̀ǹpútà mi sì ti ní tí n ò bá kì í bọ iná òun ò ní tàn. Mo wọ Google, mo tẹ "Badoo Ikorodu", gbogbo búlọ́ọ̀gì tó jáde ni mo ṣí, tí mo ń kó o lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yí ọ̀rọ̀ díẹ̀ padà kó má jọ ti wọn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n máa ń fi áńkáṣíìfù funfun nu ẹ̀jẹ̀ àwọn tí wọ́n bá pa, wọ́n á tà á, mo tiẹ̀ kọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo kọ pé àwọn ọ̀daràn báyìí ni ọlọ́pàá mú. Mo wá kọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ èmi fúnra mi, òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé àwọn ará àdúgbò ṣàṣeyọrí láti pa ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ̀daràn náà rẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní háà, òyìnbó yìí le o.

Ọjọ́ sẹ́mínà pé. Mo wọ funfun lórí dúdú, mo dìrun. Mo kà á tán, àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Dókítà tó ń darí sẹ́mínà wa ò pàtẹ́wọ́ ní tiwọn, wọ́n kàn ń ṣí ìwé náà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Wọ́n ní, "Iye tí wọ́n ń ta áńkáṣíìfù yìí, níbo lo ti rí i?"

Mo ní búlọ́ọ̀gì kan ni sà.

"Búlọ́ọ̀gì náà ńkọ́, níbo lòun ti rí i?"

Mo ní wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá ló sọ bẹ́ẹ̀ sà.

"Ọlọ́pàá ńkọ́?"

Mo ní ẹnì kan tí wọ́n mú ló jẹ́wọ́.

"Ó jẹ́wọ́ níbo? Lọ́yà ẹ̀ wà níbẹ̀? Wọ́n gba fídíò ẹ̀? Nígbà tó dé kóòtù, ṣé ohun tó sọ náà nìyẹn?"

Ẹ gbọ́ mi, n ò rí nǹkan kan sọ. Àwọn ará ẹ̀yìn ti ń rẹ́rìn-ín. Dókítà wá ní ṣé mo mọ̀ pé òfin Èkó tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹjọ́ ọ̀daràn, abala 9(3) ẹ̀, sọ pé tí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n ká a sórí fídíò, tí kò bá sí fídíò kó kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà tó bá wù ú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Irọ́ ni mo pa. Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi ni ACJA 2015, òfin ìṣẹjọ́ ọ̀daràn mìíràn, torí òun ni gbogbo èèyàn máa ń kọ, èmi ò mọ̀ pé ti Abuja àti kóòtù ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, pé Èkó ti ní tiẹ̀ láti 2007, tí wọ́n tún ṣe ní 2011. Èmi ọmọ Èkó! Wọ́n rí "Nigerian Prisons Service" náà níbẹ̀, wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ pé orúkọ yẹn ti yí padà láti 2019 ni. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n wá béèrè pé àwọn tí mo pè ní ọ̀daràn wọ̀nyí, kóòtù wo ló dá wọn lẹ́bi. Mo dákẹ́. Abala 36(5) ìwé òfin 1999, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í ṣe ọ̀daràn títí wọ́n á fi fìdí ẹ̀ múlẹ̀, mo kà á ní 200 level, mo sì gba A nínú kọ́ọ̀sì yẹn, ẹ wò ó.

Mo rò pé ó ti tán. Ọmọ kíláàsì wa kan tó ń gbé Odógunyàn nawọ́ sókè. Kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí n jọ̀ọ́ tún gbólóhùn tí mo ti sọ pé wọ́n pa ọ̀pọ̀ rẹ́ yẹn kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi wà lára àwọn yẹn. Kò kú o, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Bíríkìlà ni, ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, hámà tí wọ́n rí nínú báàgì ẹ̀ ni wọ́n fi pariwo Badoo lé e lórí. Ojú ẹ̀ kan ò ríran mọ́ títí dòní. Ọ̀daràn wo ni?"

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ó sàn. Ńṣe ló jókòó tó ṣí ìwé ẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn dákẹ́, fáànù nìkan lẹ̀ ń gbọ́. Èmi dúró síwájú, ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, n ò lè wo ọ̀gangan ibi tó jókòó sí. Mo sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ń pa aláìṣẹ̀ mọ́ ọn lásìkò yẹn, gbogbo wa la mọ̀, aláwàdà kan wà lára àwọn tí wọ́n pa ní Ìkòròdú ní 2017, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé e. Mo mọ̀ ọ́n, kò sì wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń kọ òyìnbó ńlá. Dádì mi tó ń gbé àdá jáde nígbà náà ńkọ́? Mi ò tíì bi wọ́n. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè bi wọ́n.

Dókítà pa ìwé náà dé, wọ́n ní, "Lọ tún un kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Bó ṣe parí nìyẹn.

Láti Mile 12 dé Ìkòròdú ni mo sunkún nínú ọkọ̀. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o", ìyá tó jókòó tì mí ní ta ló kú, mo ní kò sẹ́ni tó kú mà. Wọ́n fún mi ní ẹ̀pà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ohun tí mo rí kọ́.

Èyí tó ṣáájú gbogbo ẹ̀: ẹ máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá kọ pé níbo lo ti rí i, tó bá sì dáhùn, ẹ bi ìdáhùn yẹn náà, títí tẹ́ ẹ fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀ tàbí ìwé tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Búlọ́ọ̀gì mẹ́wàá tó gbé ọ̀rọ̀ kan náà kì í ṣe ẹ̀rí mẹ́wàá. Nígbà tí mo padà tọpa ọ̀rọ̀ áńkáṣíìfù yẹn, gbogbo àwọn tí mo ṣí pátá, orí ẹnu afurasí tí ọlọ́pàá gbé síwájú oníròyìn ló já sí. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ ni pé "ọlọ́pàá sọ pé afurasí kan sọ pé", kò dùn ún kà bíi ti tẹ́lẹ̀, mo mọ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣá.

Èkejì, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa fi pe èèyàn. Wọ́n mú un, wọ́n fẹ̀sùn kàn án, wọ́n dá a lẹ́bi, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ní kóòtù májísíréètì wa níbí fún ọjọ́ méjì, ohun tí mo rí níbẹ̀ ju ohun tí mo kà ní sáà kan lọ. Tẹ́ ẹ bá kà á nínú ìròyìn pé wọ́n gbé ẹnì kan dé iwájú májísíréètì lórí ìpànìyàn, ẹ ò ní mọ̀ pé májísíréètì ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ yẹn rárá, ńṣe ló máa ní kí wọ́n lọ fi í pamọ́ kí fáìlì ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pinnu bóyá wọ́n máa pe ẹjọ́. Ẹjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èmi sì ti kọ ọ́ pé ọ̀daràn ni.

Ẹ̀kẹta, òfin fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, ẹ má ka ohun tí ẹlòmíì sọ pé òfin sọ. Mo mọ̀ pé níbo lo ti rí i náà nìyí, mo mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i torí òun ló sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ti Èkó ni àbí ti ìjọba àpapọ̀, ẹ wo ọdún ẹ̀, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Tíọ́rì náà wà níbẹ̀. Mo kó ojú ìwé méjì lórí tíọ́rì àwọn onímọ̀ méjì kan, Cohen àti Felson, síbẹ̀, ti 1979, pé ìwà ọ̀daràn máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó fẹ́ ṣe é bá pàdé ẹni tó rọrùn láti mú níbi tí kò ti sí olùṣọ́. Lẹ́yìn náà n ò dárúkọ wọn mọ́ títí ìwé fi parí, bí ẹni pè àlejò wá sílé tí ò fún wọn ní àga. Ó sì yẹ kó wúlò, torí àwọn ilé tí wọn ò tíì parí létí igbó, tí kò sí géètì tí kò sí àlàbágbé nítòsí, ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ gan-an nìyẹn? Àwọn bàbá tó ń ṣọ́ òde ńkọ́, olùṣọ́ ni wọ́n àbí àwọn náà ti di nǹkan mìíràn tí wọ́n bá mú bíríkìlà? Ìbéèrè yẹn ni mo padà fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, mo ju ìtàn Badoo tó ta kókó yẹn sílẹ̀. Ìbéèrè kékeré ló ń jẹ́ kéèyàn ríṣẹ́ ṣe.

Ẹnì kan ní kí n lo AI. Mo lò ó, kí n má purọ́, ó fún mi ní ìwé mẹ́fà tí mo lè tọ́ka sí, mo wá wọn lórí Google Scholar, méjì ò sí láyé yìí rárá, orúkọ òǹkọ̀wé wà, ọdún wà, ojú ìwé wà, ìwé ò sí. Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Níbo lo ti rí i.

Mo tún un kọ ṣá, mo ra ìwé kan tí mo ń kọ orísun ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí pẹ̀lú ojú ìwé ẹ̀, mo ka ìwé ìròyìn àtijọ́ ní láìbúrárì, mo fi sílẹ̀, wọ́n fún mi ní 64. Àwọn kan ní 64 ò tó nǹkan. Ẹ lọ ṣe tiyín.

Kí n tó fi sílẹ̀, mo gbé e lọ bá ọmọ kíláàsì wa yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé ó ti tán, kò sì sọ pé kò tán, ó kàn gba bébà náà lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì ó dá a padà, ó ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ibi kan ṣoṣo, níbi tí mo kọ ọ́ sí pé "wọ́n ṣàṣìṣe mú àwọn aláìṣẹ̀ kan". Ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: *ta ni wọ́n?*

Ìyẹn ni mo fẹ́ fi ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi báyìí, supervisor mi ti fọwọ́ sí i. Bùrọ̀dá ẹ̀ ní òun máa bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n orúkọ òun ò gbọ́dọ̀ jáde, kí n má sì gbé fóònù dání, ìwé àti báírò nìkan. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni mo kọ sílẹ̀, mo ti fagi lé mẹ́rin.