Ọmọ Mẹ́ta, Igun Kan

Dọ́là méjì ni ìtanràn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan nínú ẹgbẹ́ wa. Tíṣà ló ṣòfin yẹn. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó wá sí Maryland, kò sì tíì gbà títí di òní pé òun ti fẹ̀yìn tì. Àwa mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ ọ̀hún: Tíṣà, Àlàájì tó ń wa takisí, àti èmi tí mo ń wa bọ́ọ̀sì. Ohun tó so wá pọ̀ ni Washington Commanders, àwọn tí pápá wọn wà ní Landover níbí. Bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà ni mò ń wí o, èyí tó rí bí ìbẹ́pẹ, tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré, tí ìyàwó mi sọ lórúkọ: ìjà igboro tó ní rẹfirí.

Nítorí òfin Tíṣà, a ní láti wá orúkọ fún gbogbo nǹkan. Quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn yòókù, di ọ̀gá awakọ̀. Cornerback, ìyẹn ẹni tó máa ń dúró létí pápá, tó ń fi ẹ̀yìn sáré kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí má baà rí i gbà, a sọ ọ́ di igun. Ẹ̀tọ́ tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní láti mú ọ̀dọ́ tuntun láti yunifásítì lóṣù kẹrin, èyí tí wọ́n ń ná bí owó láàárín ara wọn, Tíṣà ní ká máa pè é ní ọmọ. Ọmọ ìpele kìn-ín-ní ló wọ́n jù. Ọmọ ìpele keje, ẹ̀ní lásán ni.

Ẹ fi orúkọ méjèèjì yẹn sọ́kàn, igun àti ọmọ.

Ọdún 2024 bá wa lára mu. Jayden Daniels, ọ̀gá awakọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún náà, ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ti gbà wọlé ṣáájú kí wọ́n tó bí i. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹwàá, Àlàájì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kiri, ó ní Chicago ti pa wá, nígbà tí Daniels ju bọ́ọ̀lù àṣekágbá kan sókè bí ẹni ju òkúta sí máńgòrò, tó bọ́ sọ́wọ́ Noah Brown. A jẹ 18, wọ́n jẹ 15. Àlàájì jókòó padà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí oṣù kọkànlá máa fi pé ọjọ́ mẹ́ta, a ti gbá mẹ́sàn-án, a ti borí nínú méje.

Ẹnu àwọn igun wa ló kù tí omi ń gbà jò. Ìgbà náà ni ìròyìn ń jà ràn-ìn pé New Orleans lè yọ̀ǹda Marshon Lattimore. Wọ́n mú un ní ipò kọkànlá ní 2017, òun ló gba ẹ̀bùn ọmọ tuntun tó mọ̀ ọ́n dáàbò bo jù lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn àṣàyàn. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀yìn itan ń dà á láàmú. Ṣé ká rà á, àbí ká fi sílẹ̀?

Àlàájì ní ká rà á kíá. Ó ní, “Lọ́dún 2019, Los Angeles fi ọmọ ìpele kìn-ín-ní méjì àti ọmọ ìpele kẹrin kan gba igun kan, Jalen Ramsey, lọ́wọ́ Jacksonville. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di oṣù kejì 2022, ta ló gbé Super Bowl, ife tó ga jù?”

Tíṣà ní, “Èyí tó ṣẹ̀ wá ní 2012 ńkọ́? Ọmọ ìpele kìn-ín-ní mẹ́ta, pẹ̀lú ti ìpele kejì kan, la kó fún St. Louis kí wọ́n tó fún wa láyè mú ọ̀gá awakọ̀ kan, Robert Griffin. Ọdún àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Oṣù kìíní ọdún kejì, orúnkún rẹ̀ já lójú wa ní Landover. Ẹ̀ ń fẹ́ kí n tún sun irú ẹkún yẹn?”

Tíṣà kò tíì dé Amẹ́ríkà rárá ní 2012. Ìjẹ̀bú-Òde ló wà, tó ń kọ́ wọn ní àmì ohùn. Ṣùgbọ́n tó bá ń sọ̀rọ̀ orúnkún Griffin, ẹ ó rò pé àbúrò rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹta la fi wà lórí ẹ̀. Èmi ni mo wà láàárín, ìbò mi ló máa pinnu rẹ̀, bí ẹni pé àwọn ará Washington ń dúró dè wá.

Ó di ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Gbogbo Amẹ́ríkà ń dìbò yan ààrẹ lọ́jọ́ yẹn. Aago mẹ́rin ọjọ́ náà gan-an sì ni ọjà ìpààrọ̀ máa tì. Mo tò sórí ìlà ìdìbò láago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, àwọn tó wà níwájú mi ń jiyàn ààrẹ, èmi ń ronú ẹ̀yìn itan Lattimore. Nígbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ọkàn mi yí sí ọ̀dọ̀ Àlàájì. Mo fa fóònù yọ.

Tíṣà nìkan ló máa ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Èmi, bọ́ọ̀sì nìkan ni mo ń wà pẹ̀lú àmì. Ohun tí mo kọ nìyí, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an:

“E gbo, ago merin loja maa ti. Mo ti pinnu. E je ka fi omo meta sile ka gba igun yen. Ese lo n dun un die, a san. Won si tun maa fun wa lomo kan pada lori e. Eni to ba n saanu omo ko le gba ife eye. E ma je kawon iyawo wa gbo o.”

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, nítorí owó tí a fẹ́ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ni.

Mo fi í ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ní kí n pa fóònù kí n tó wọlé. Mo pa á, mo dìbò, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Mi ò tàn án mọ́ títí mo fi gbé bọ́ọ̀sì sílẹ̀ láago mẹ́rin kọjá.

Orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa lórí fóònù ni Ilé Ayọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn àna mi ni Ilé Àdúrà. Ẹ ti mọ ibi tó lọ.

Ní Abẹ́òkúta, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Ìyá ìyàwó mi ń palẹ̀ àdìrẹ mọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìtòkú, kò mú ìgò ojú dání, ó bá ní kí àbúrò ìyàwó mi ka ohun tó wọlé fóun. Ẹ wò ó, ẹ má bú ọmọ yẹn. Tí ẹ bá rí i níbi tí wọ́n kọ “igun” láìsí àmì, tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn ún, tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ mẹ́ta gbà á, tí ìyàwó ò gbọdọ̀ gbọ́, ṣé igun ilé ni ẹ máa kà? Igún ló kà. Igún abìyẹ́, apárí inú ẹyẹ.

Èmi sì ni bàbá ọmọ mẹ́ta géérégé: Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú.

Wọ́n ní Mọ́mì kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Kí ni Bàbá Ìbejì fẹ́ fi igún ṣe?” Àwọn ará ìsọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ní owó ni. Ọ̀kan ní abájọ, òun rí fọ́tò tí mo gbé síta lóṣù tó kọjá, mo wọ bàtà tuntun.

Wọ́n pè mí, fóònù mi ti kú. Wọ́n pe ìyàwó mi, wọ́n ń já ìpè lójú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin tó wà ní Texas bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán, lẹ́yìn tó ti jẹun àárọ̀. Níkẹyìn wọ́n rán Àǹtí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Bowie, pé kó lọ ka àwọn ọmọ.

Mo tan fóònù. Kí n tó ka ohunkóhun, ìpè Mọ́mì wọlé. Ẹ má gbàgbé pé mo ti gbọ́ lórí rédíò pé ọ̀rọ̀ ti parí, Washington ti ra Lattimore: ọmọ ìpele kẹta, ti ìkẹrin àti ti ìkẹfà la kó sílẹ̀, New Orleans sì fi ti ìkarùn-ún kan kún un fún wa. Inú mi ń dùn.

“Bàbá Ìbejì, níbo lo kó ọmọ mẹ́ta yẹn sí?”

Láti ọjọ́ ìdána, “ẹ” ni Mọ́mì ń kí mi, kò fi “o” bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mi ò fura. Mo ṣáà rò pé àwọn ìbejì ti tún ń ròyìn bọ́ọ̀lù fún ìyá àgbà lórí fóònù, bí wọ́n ti máa ń ṣe.

“Háà, Mọ́mì, ẹ ti gbọ́ ni! Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ o. Ọ̀sán ni wọ́n wá parí ẹ̀. Ká sòótọ́, kò wọ́n rárá.”

Igbe tí mo gbọ́, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láyé mi. Ìpè já.

Nígbà tí mo délé, ọkọ̀ Àǹtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ pálọ̀. Ìyàwó mi, tó ti òru dé láti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ń sùn látàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé nítorí ìsinmi ìdìbò, dúró láàárín ilé tòun ti bọ́nẹ́ẹ̀tì orí rẹ̀. Àǹtí mú ìgò òróró dání. Táyé àti Kẹ́hìndé tò sára ògiri, òróró ń kán láti iwájú orí wọn bọ́ sí imú.

Àǹtí ní, “Méjì nìyí. Ìdòwú dà?”

Wọ́n ti wá a lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti wá a nínú ọgbà. Ìyàwó mi ò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń ka owó tó dín. Mo ní, “Ìdòwú wo?” Ìbéèrè yẹn ò dáa. Mi ò mọ ohun tó ti ẹnu mi jáde.

Ibẹ̀ la wà tí ilẹ̀kùn ibi ìkáṣọsí fi ṣí. Ìdòwú jáde, ó na fóònù ìyá rẹ̀ sí wa. Ó ní, “Ó ti kú. Ẹ fún mi ní ṣájà.” Géèmù ló ti ń gbá nínú òkùnkùn láti àárọ̀. Gbogbo ìpè tí ìyá àgbà ń pè, òun ló ń já wọn, ó ní wọ́n ń jẹ́ kí òun máa kú nínú géèmù. Àwọn àgbà ṣáà ti sọ ohun tí ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì jẹ́. Àǹtí da ìyókù òróró lé e lórí.

A pe Abẹ́òkúta pẹ̀lú fídíò, ojú mọ́kànlá ló kún inú fóònù. Mo pe Tíṣà mọ́ wọn kó wá jẹ́rìí mi. Tíṣà kò wá gbà mí sílẹ̀ o, ẹ̀kọ́ ló wá kọ́ wọn. “Igun, re, re. Igún, re, mí. Mo ti ń sọ fún un!” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń sọ ọ́, ó sì ń ka ìtanràn mi bí mo ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì gba ara mi sílẹ̀. Dọ́là mẹ́rìnlá ni mo jẹ lórí ìpè yẹn nìkan.

Mọ́mì nu ojú, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó wá di oníṣòwò.

“Iṣẹ́ wo ni igun yín yìí ń ṣe gan-an?”

Mo ní ó ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, kó má rí i gbà.

“Òun fúnra rẹ̀ ò gba bọ́ọ̀lù?”

“Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, Mọ́mì.”

“Ẹsẹ̀ sì ń dùn ún. Ṣé ẹ ní kó rìn kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó?”

Mo dákẹ́.

“Ẹni tó ń tajà tó ń ṣe ẹ̀ní fún yín láìjẹ́ pé ẹ tọrọ, ẹ ò bi í léèrè ohun tó ń lé e?”

Tíṣà ní, “Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o!” Látọjọ́ tí a ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó tíì gbèjà rẹ̀ báyẹn. Lóru ọjọ́ náà, ó fi Mọ́mì kún Ilé Ayọ̀. Kò bi wá.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo Sọ́ńdè, ọ̀rọ̀ kan ń wọlé láti Ìtòkú: “Ese igun nko?” Ẹsẹ̀ igun kò san. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ léra, Lattimore kò bọ́ sí pápá. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ló tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún wa, àwọn tó tà á fún wa náà la sì lọ bá ní New Orleans. A jẹ 20, wọ́n jẹ 19. Àlàájì kọ ìwé gígùn sí Mọ́mì, pé ṣé ẹ rí i báyìí. Mọ́mì fèsì pé àmì ayò kan péré ni, kì í ṣe ọmọ mẹ́ta.

A rìn jìnnà lọ́dún yẹn ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ló kù ká dé Super Bowl. Lọ́jọ́ 26 oṣù kìíní 2025, a lọ sí Philadelphia. Wọ́n jẹ 55, a jẹ 23. Àlàájì pa fóònù rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tíṣà kò rí Yorùbá sọ mọ́, ó san dọ́là mẹ́jọ fúnra rẹ̀.

Òru ti jìn ní Abẹ́òkúta nígbà tí Mọ́mì kọ̀wé. Ìyàwó mi ló kà á sókè fún mi, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn òkè sí ibi tí kò yẹ:

“E pele o, Baba Ibeji. E ba mi bi won, boya won a gba igun yen pada, ki won da awon omo wa pada fun wa.”