Ẹ Gba Fáìlì Yín Kí Ẹ Tó Dìde ní Sítúdíò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwo orin wa àkọ́kọ́ jáde, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fi gìtá àti agídìgbo kọrin jẹ́jẹ́, tí àwọn èèyàn máa ń bi pé "ìlù dà?", ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Èmi ń ta gìtá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jáde ní yunifásítì LAUTECH ń lu agídìgbo, àwọn obìnrin méjì ń kọrin, ọ̀kan nínú wọn ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi nítòsí Tákíé la ti gba orin mẹ́jọ náà sílẹ̀. Kì í ṣe àìlówó nìkan ló gbé wa débẹ̀ o, ohùn ibẹ̀ la fẹ́. Aago méjì òru la máa ń bẹ̀rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́ tán, tó wá ku ìrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́. Máìkì mẹ́rin la ní. Mẹ́ta dojú kọ wa, a gbé ìkẹrin sábẹ́ igi máńgòrò, kó máa gbọ́ òru. Nínú orin kẹrin, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù, ẹyọ kan, ẹyọ méjì, títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo gìtá mọ́lẹ̀. A ò dúró. Bí a ṣe parí, màmá sín nínú yàrá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní sùn ni?" A fi í síbẹ̀. Ohùn màmá ló parí orin yẹn.

Ẹ̀rọ tí a fi gbà á, a háyà rẹ̀ ni lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá wa tún ohùn ṣe. A dá a padà pẹ̀lú káàdì inú rẹ̀. A sì sanwó, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀fẹ́ la fẹ́.

Ọjọ́ tó pè wá, ẹ̀rín ló fi pàdé wa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Mo ti bá yín fọ̀ ọ́ mọ́." Ó tẹ orin kẹrin. Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ló di. Kò sí ìrẹ̀. Kò sí òjò. Ohùn àbúrò tó ń kọrin wá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò omi, nítorí òjò àti ohùn rẹ̀ ti wọra wọn, èèyàn ò lè yọ ọ̀kan kí èkejì má bá a lọ. Ó tún ti fi ìlù kọ̀ǹpútà sí i, kó lè gbóná díẹ̀. Ibi tí màmá ti sín, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi àtàǹpàkò lu eékún rẹ̀ bí ẹni pé irin agídìgbo ló wà níbẹ̀.

Mo ní kó fún wa ní èyí tí a gbé wá. "Háà, kọ̀ǹpútà ti kún, mo ti pa á rẹ́." Káàdì ńkọ́? "Mo ti fi gba ìgbéyàwó kan ní Sátidé." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun ti da omi ìfọwọ́ nù.

Mi ò bú u. Ẹni tó jẹ́ pé orin ìjọ àti fújì ló ń bá ṣe lójoojúmọ́, ariwo lásán ni òjò lójú rẹ̀. Ó yẹ ká ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé òjò wà lára orin, ìyẹn ẹ̀bi tiwa. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ sọ ọ́, ká má sọ ọ́, bí fáìlì bá wà lápò wa, à bá kàn dìde ká máa lọ ni.

Fáìlì ọ̀hún ò tiẹ̀ tóbi tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù bà wá. Orin ìṣẹ́jú 5 tí ẹ fi máìkì 4 gbà, ní 24-bit àti 48kHz (ìwọ̀n tí ẹ̀rọ fi ń gba ohùn), nǹkan bí 173MB ni. Ẹ gba mẹ́jọ, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹrin, fílàṣì 8GB á gbé e. Ẹ fi òmíràn pamọ́ sílé ẹlòmíì. WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn, ni kẹ́ ẹ gbà o, kì í ṣe MP3. MP3 ti gé lára ohùn kó lè kéré, ohun tó bá sì gé kì í padà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbà á, kì í ṣe "tó bá di ọ̀la". Ẹnìkan ní ká sáà kọ ọ́ tuntun, pé kí ló le níbẹ̀. Ó dáa, kó lọ bá wa pe òjò yẹn wá.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn akọrin ti ń fi fóònù gba ohùn sílẹ̀ bí a ṣe ń kọrin lóru. A rí orin márùn-ún níbẹ̀, a tún mẹ́ta tó kù gbà nínú ọyẹ́, àwo jáde, àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ. Orin kẹrin ò sí nínú márùn-ún yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú màmá ní kí n tẹ ibi tí àwọn ti sọ̀rọ̀. Mo tẹ orin kẹrin tuntun. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n tún gbé fóònù sún mọ́ etí. "Ohùn mi dà?"

Mo ní fóònù náà ni kò ròkè dáadáa.