Ṣọ́ọ̀kì lára ilẹ̀kùn

Alẹ́ àná la ń sọ ti Sátidé tí a fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ ṣeré ní Omu Resort, ọgbà ìgbafẹ́ tó ní ẹranko àti ẹ̀rọ eré, ní Bógíjé. Láti Ẹ̀pẹ́ níbí, ọ̀nà ò ṣòro. Ọjọ́ orí wọn ló jìnnà síra: Fèyí ti pé ọdún 13, Démiládé jẹ́ 7, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 3.

Mo ní gíga ni wọ́n máa ń wò kí ọmọ tó gun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ eré, torí ìgbànú ìjókòó kì í di ọmọ kékeré mú dáadáa. Bàbá wọn bá mú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí wọ́n wá fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Démiládé na ọrùn, ó tiro, ó sé èémí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ rọra tẹ èjìká rẹ̀ wálẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Fèyí ló dá sí i: "Màá kọ́kọ́ bá ẹ wo àwọn ẹranko, kí n tó lọ gun tèmi." Inú mi dùn sí ọmọ yìí kọjá àfẹnusọ.

Ẹranko la ó kọ́kọ́ wò láàárọ̀, kí oorun tó gbé àbíkẹ́yìn lọ.

Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ ti rí irú èyí rí? Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọmọ àárín ò fi ní rò pé wọ́n gbàgbé òun?