Ẹ ṣí ikùn máòsì wò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan settings

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì di máòsì oníbọ́ọ̀lù mú rí, laptop lẹ bá láyé, àmọ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣì wà nílé àwọn àgbàlagbà l'Ábújá níbí, ọjọ́ kan wọ́n á gbé e wá bá yín, ohun tójú mi rí lórí ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Garki nígbà yẹn, inú January ni, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo nǹkan kún fún eruku. Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ lókè ọya, ń fi kọ̀ǹpútà oní-Windows 98 (ètò àtijọ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà) kọ ìṣirò ọjà wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọfà ojú kọ̀ǹpútà yìí ò fẹ́ rìn mọ́ o, tí mo bá tì í á kọ́kọ́ dúró, á wá fò lójijì." Èmi gbọ́ "kò fẹ́ rìn", mi ò gba "á wá fò" sétí rárá. Mo wọ Control Panel, mo tẹ Mouse, mo lọ sí Motion, mo fa Pointer speed lọ sí Fast, mo kí wọn, mo lọ. Lọ́jọ́ kejì Bàbá tún pè mí, wọn ò lè tẹ X kékeré tí wọ́n fi ń ti fèrèsé pa mọ́, ọfà á fò ó kọjá lọ sápá kejì. Wọn ò bínú sí mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi rọ́bà bò ló wà níkùn máòsì yẹn, ó ń yí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, orí irin kọ̀ọ̀kan ní àgbá pẹlẹbẹ tó ní ojú wínníwínní tí iná ń gba inú ẹ̀ kọjá, bí iná yẹn ṣe ń ṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka ìrìn ọwọ́ yín. Eruku ọyẹ́ tó bá pò mọ́ òógùn ọwọ́ á yí irin yẹn po bí òwú dúdú, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lórí ẹ̀, nígbà tó bá wá padà mú un, iye tó pọ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Windows 98 ní tiẹ̀, tí ìrìn bá yá kọjá ìwọ̀n kan á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tó bá tún yá ju ìyẹn lọ ó lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, èmi tí mo fà á sí Fast, mo kàn fi kún ìfò náà ni. Ìrìn tí irin ò kà, kò sí settings tó lè dá a padà.

Torí náà ẹ kọ́kọ́ pa kọ̀ǹpútà ná, pàápàá tó bá jẹ́ máòsì tí okùn ẹ̀ ní orí róbótó tí wọ́n ń pè ní PS/2, torí tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ lè jó fíúsì inú bọ́ọ̀dù. Ẹ yí òrùka ìsàlẹ̀ ẹ̀, bọ́ọ̀lù á já bọ́, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ fi òwú tẹ́ ẹ rẹ sínú sípírítì nu àwọn irin yẹn, kẹ́ ẹ máa yí wọn bẹ́ ẹ ṣe ń nù ún, ojú kan ṣoṣo ò tó. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ dá Pointer speed padà sáàárín.

Ti máòsì tuntun oníná pupa nísàlẹ̀ yàtọ̀. Àwọn èèyàn á rà á ní Wuse, wọ́n á fi adapter, orí kékeré tó ń jẹ́ kó wọ ihò àtijọ́, tì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà àtijọ́ (kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń bá adapter ṣiṣẹ́ o), ọfà á wá máa sá bí ehoro. Ìṣirò ni: ọ̀pọ̀ máòsì àtijọ́ ń ka ìgbésẹ̀ 400 nínú ínṣì kan (ìgbésẹ̀ kan ń sún ọfà ní àmì kan lójú kọ̀ǹpútà), tuntun ń ka 800 tàbí 1000 sókè, ojú kọ̀ǹpútà sì lè jẹ́ àmì 640 péré ní ìbú, ọwọ́ ò ní rìn tó ínṣì kan tí ọfà ti kan ògiri kejì. Slow ti Windows 98 kàn ń yọ ìlọ́po kúrò ni, kò lè dín iye tí máòsì kà kù, Windows XP tó dé lẹ́yìn ẹ̀ ló lè ṣe ìyẹn, nínú Pointer Options. Lórí 98, ẹ wá máòsì tó ní bọ́tìnnì DPI (iye tó ń kà nínú ínṣì kan) kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé ojú kọ̀ǹpútà sí 800 x 600 tí ojú ẹni tó ni ín bá lè gbà á.

Ẹni tó ni ín ni kó dán an wò, lórí tábìlì tiẹ̀, ẹ̀yin ẹ dìde lórí àga. Mo jẹ́ kí Bàbá jókòó lọ́jọ́ kejì yẹn, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tiwọn ò yá, ọwọ́ àgbà ni, Buttons ni mo lọ fún ìyẹn, ibẹ̀ ni àpótí kékeré kan wà tí bèbí ń yọ jáde nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo fà á sí Slow díẹ̀díẹ̀ títí bèbí yẹn fi yọ sí Bàbá. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún yọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ pe Màmá wá wò ó.