Gọ́ọ̀fù ní Houston àti ní ẹkùn Ẹ̀pẹ́: ta ló ń ṣí géètì, ta ló ń gbé báàgì?

Koríko kan náà ni. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ará Ẹ̀pẹ́ tàbí ará Ìkòròdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston mọ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní bàmúdà ní Texas ni bàháámà tí àwọn tó ń ta koríko ń gbìn síwájú ilé fún wa ní Èkó. Ooru jọra, afẹ́fẹ́ tó ń mú ẹ̀wù lẹ̀ mọ́ ara jọra, ẹ̀fọn pàápàá jọra. Ẹni tó ti gbá gọ́ọ̀fù ní Lákọ̀wé ní oṣù kẹrin, ojú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì lórí pápá Houston ní oṣù keje. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ẹnu géètì, àti èjìká ẹni tó gbé báàgì.

Ká ti ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀. Ìlú Houston fúnra rẹ̀ ló ni pápá Memorial Park. Ọdún 1936 ni wọ́n ṣí i, John Bredemus ló sì yà á. Tom Doak tún un yà, wọ́n tún un ṣí ní 2019, láti 2020 ni ìdíje Houston Open sì ti padà síbẹ̀. Ihò 18 tí àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ń gbá lójú tẹlifíṣọ̀n, òun náà ni nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíwọ́ iṣẹ́ òru àti awakọ̀ tírélà ń gbá. Kò sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pé òun mọ̀ yín. Ẹni tó bá lè fi hàn pé inú Houston lòun ń gbé, owó tirẹ̀ kéré sí ti àlejò. Ohun tó le níbẹ̀ ni àyè. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba àkókò, àárọ̀ Sátidé kì í sì pẹ́ tán. Ọgbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ má kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn. Ẹni mẹ́rin ló ń jáde pọ̀; ibi tí mẹ́ta bá wà, àyè kan ṣẹ́kù, ẹni tó dá wá nìkan ni wọn yóò sì fi dí i.

Èyí tó wù wá jù lọ nínú gbogbo wọn ni Gus Wortham, kì í ṣe torí pé ó le jù, bí kò ṣe nítorí ìtàn rẹ̀. Ọdún 1908 ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá, Houston Country Club, ya pápá náà. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kó lọ sí ibòmíràn, ìlú sì ra ilẹ̀ náà ní 1973, ó di ti gbogbo ènìyàn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 2018. Ilẹ̀ kan náà tí wọn kì bá ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa tẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ohun tó bá ti jẹ́ ti ẹgbẹ́, ti ẹgbẹ́ ni yóò máa jẹ́.

Ti aládàáni wà níbẹ̀ náà o. Champions Golf Club, tí Jack Burke Kékeré àti Jimmy Demaret dá sílẹ̀ ní 1957, ló gba ìdíje Ryder Cup ní 1967, US Open ní 1969, àti US Open àwọn obìnrin ní oṣù kejìlá 2020. Bí mẹ́ńbà kò bá mú yín wọ ibẹ̀, ẹ kò lè gbá níbẹ̀. Ẹni tó mọ Ìkòyí mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Nílé ńkọ́? Ikoyi Club 1938 ní ihò 18, ti mẹ́ńbà sì ni. Ikeja Golf Club, nínú GRA, ihò 18, ti mẹ́ńbà bákan náà. Lákọ̀wé ní tirẹ̀ wà nínú ẹ́sítéètì, ihò 18, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ní Ìbẹ̀jú. Bí a bá sì fi ojú ẹkùn márùn-ún Èkó wò ó, Ẹ̀pẹ́ ló ni Lákọ̀wé, nítorí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí wà lábẹ́ ẹkùn Ẹ̀pẹ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó jẹ́ ti ìlú bí Memorial Park ṣe jẹ́ ti Houston.

Ọ̀nà tiwọn náà ní ìṣírò. Láti Ẹ̀pẹ́, Lákọ̀wé ló rọrùn jù: ẹ kọjá Ẹlẹ́kọ̀ àti Bógíjé, ẹ ti dé, ìlú kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í há mọ́ yín. Ará Ìkòròdú tó ń lọ sí Ìkẹjà ní láti la Mile 12, Kétu àti Ọjọ́ta kọjá. Bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí bá bá a nílé, ó ti pẹ́. Fún Ìkòyí, ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò sí Fálọmọ sàn ju ọkọ̀ ilẹ̀ lọ, bó bá jẹ́ báàgì fẹ́lẹ́ ni ẹ gbé. Ará Àgbádárìgì ló ń jìyà jù, torí pé Mile 2 dúró láàárín òun àti gbogbo pápá wọ̀nyí.

Wàyí o, èjìká.

Nílé, kádì ló ni ìmọ̀ pápá. Ó ń gbé báàgì, ó mọ bí ihò ṣe jìn tó láìwo ẹ̀rọ, ó ti rí ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí nígbà tí orí ẹni tó gbá a ṣì wà nílẹ̀, ó ń fi réèkì tún bọ́ńkà, ìyẹn kòtò iyanrìn, ṣe, ó ń ka gíríìnì, ìyẹn ibi tí koríko ti kúrú jù, tí ihò wà. “Ọ̀gá, ẹ má mú ọ̀pá irin méje. Ẹ mú mẹ́fà, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ọ̀sà.” Owó rẹ̀ kì í sí nínú owó pápá, ẹ bá a sọ ọ́ kó yé ara yín kí ẹ tó dé tíì àkọ́kọ́, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ eré, kì í ṣe lẹ́yìn ihò kejìdínlógún nígbà tí inú ti ń bí ẹni tó pàdánù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá jù ní Nàìjíríà ló ti ibi kádì bẹ̀rẹ̀, ojú olùkọ́ ló sì yẹ kí ẹ fi máa wò wọ́n.

Ní pápá ìlú ní Houston, kò sí kádì. Ẹ̀yin ni kádì ara yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tó ti ilé wá ti máa ń ṣubú. Ẹ óò rí nọ́ńbà lórí ìdérí ẹnu páìpù tó ń fọ́n omi sórí koríko: iye yáàdì láti ibẹ̀ dé àárín gíríìnì ni. Bọ́ọ̀lù tó bá sọnù, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fi sílẹ̀ fún wíwá a láti 2019, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Àpá tí bọ́ọ̀lù dá sórí gíríìnì, ẹ̀yin ni yóò dí i: ẹ ki fọ́ọ̀kì bọ etí rẹ̀, ẹ tì í síwájú sí àárín, yíká yíká, kí ẹ wá fi ìdí ọ̀pá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má hú u sókè bí ẹni ń hú ẹ̀gẹ́. Bí ẹ bá hú u, gbòǹgbò já, ojú ibẹ̀ yóò kú, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta.

Lẹ́yìn òjò, wọn yóò ní kí ọkọ̀ kékeré pápá má kúrò lójú títì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rìn dé ibi bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo, kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Ẹ mú mẹ́ta dání, pẹ̀lú èyí tí ẹ ń lò lórí gíríìnì. Bí ààrá bá sán, fèrè yóò dún, ẹ sì kúrò lórí pápá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbà tí 30 ìṣẹ́jú bá kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn ni ẹ tó lè padà. Nílé, a ní ìwà kan tí kò dára, ká máa sá sábẹ́ igi títí òjò yóò fi dá. Igi ni mànàmáná ń wá.

Kíka gíríìnì ni ẹ̀kọ́ tó ń bá ènìyàn rékọjá òkun, torí bàháámà máa ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ wo koríko láti ibẹ̀ lọ sí ihò. Bó bá ń dán, ó sùn síwájú, bọ́ọ̀lù yóò sáré. Bó bá dúdú, ó kọjú sí yín, ẹ gbá a le díẹ̀. Bí ojú kò bá dá yín lójú, ẹ wo etí ihò: ẹ̀gbẹ́ tí koríko ti gbẹ tó sì já jálajàla ni ibi tó ń sùn sí, nítorí pé irin tí wọ́n fi gbẹ́ ihò ti gé gbòǹgbò rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Kádì Ìkẹjà yóò sọ èyí fún yín láìbẹ̀rẹ̀. Ní Houston, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ wò ó fúnra yín.

Àsìkò náà yàtọ̀. Ní Èkó, oòrùn kì í ṣe ségesège. Láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àti méje kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀, ìgbàkígbà tó wù kó jẹ́ lọ́dún. Ẹni tó ṣíwọ́ iṣẹ́ ní aago mẹ́rin, ihò mẹ́sàn-án ló lè gbá. Ní Houston, ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ títí di aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Owó ìrọ̀lẹ́ kéré sí ti àárọ̀, ẹ sì lè parí ihò 18. Àmọ́ ní oṣù kejìlá, aago márùn-ún ààbọ̀, ó ti parí. Òtútù yóò sì mú kí bàmúdà sùn, gbogbo pápá a di pupa rúsúrúsú bí ìgbẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Kò kú, tó bá di oṣù kẹta, yóò jí. Nílé, kì í sùn, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ nìkan ló ń bá a jà. Ilẹ̀ a le, bọ́ọ̀lù a máa yí lọ jìnnà, ẹni tó mọ̀ ọ́n á mú ọ̀pá tó kéré sí ti ìgbà òjò.

Ti oúnjẹ, ẹ má jẹ́ ká purọ́: búrẹ́dì oní-sọ́séèjì tí wọ́n ń tà lẹ́yìn ihò kẹsàn-án ní Houston kò lè dúró níwájú asun, débi tí yóò bá ẹja Ẹ̀pẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Olúwo dé du ipò.

Ẹni tó ń bọ̀ wá gbé ní Houston, kó kó káàdì eré rẹ̀ dání. Láti 2020, ètò kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò káàkiri ayé fún hándíkáàpù, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹnì kan ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó: èsì ihò 54 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 54.0 ni ibi tó ga dé, èsì mẹ́jọ tó dára jù nínú 20 tó kẹ́yìn ni wọ́n sì ń ṣírò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù, òun gan-an ló mú wa kọ gbogbo èyí. Houston ń fi agbára gbá gọ́ọ̀fù lórí amọ̀ dúdú. Bí òjò bá rọ̀, ó ń wú, ó ń lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù. Bó bá gbẹ, ó ń là. Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú ní iyanrìn, ohun tí àwọn ará Texas ń fi ọkọ̀ tírélà rà wá sórí gíríìnì wọn. Pápá kékeré oníhò mẹ́sàn-án, tí ihò kọ̀ọ̀kan jìn tó yáàdì 90 sí 170, kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà mẹ́wàá lọ. Éékà 25 ni, bí àádọ́jọ plọ́ọ̀tì ní ìṣírò tiwa. Ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́, ó wà láàárín Ìkòròdú àti Ìtóìkin náà. Ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe é, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa san owó kékeré láti gbá níbẹ̀, kí àwọn kádì náà ní ibi tí wọ́n ti lè gbá tiwọn.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe é, ohun tí yóò ṣe é ní jàǹbá nìyí. Iyanrìn ń tètè mu omi, ṣùgbọ́n ní ẹ̀bá ọ̀sà, omi ìsàlẹ̀ kò jìnnà, ìsàlẹ̀ ni yóò ti gùn wá bá yín ní oṣù kẹfà. Nítorí náà, ẹ gbé gíríìnì ga ju ojú ilẹ̀ lọ: páìpù ìfàmi nísàlẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà lórí rẹ̀, iyanrìn tó nípọn tó 30 lórí ìyẹn. Iyanrìn kì í mú ajílẹ̀ dúró, òjò kan a ti gbé e lọ. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i lọ́sẹ̀ méjì méjì dípò kí ẹ da àpò sí i lẹ́ẹ̀kan. Ní Àgbádárìgì, ẹ tọ́ omi kànga wò kí ẹ tó gbin ohunkóhun. Bó bá níyọ̀, koríko tí wọ́n ń pè ní paspalum ni kí ẹ gbìn, torí ó ń gba iyọ̀ ju bàháámà lọ. Koríko ẹlẹ́sẹ̀ onígun mẹ́ta, ìbátan òfio, yóò wá dandan. Gígé kò lè pa á, torí èso rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ẹ hú u pẹ̀lú èso náà nígbà tó ṣì kéré, kó tó tàn ká.

Ẹ̀rọ tó ń gé gíríìnì ló sì máa kọ́kọ́ yọnu. Ẹ má ra èyí tí abẹ rẹ̀ ń yí po bíi ti iwájú ilé, fífà ló ń fa koríko ya bí ẹ bá gé e mọ́lẹ̀. Èyí tó ń gé bí àlùmọ́gàjí ni kí ẹ rà, tó lè sọ̀ kalẹ̀ dé mílímítà mẹ́rin. Iyanrìn Ẹ̀pẹ́ yóò máa jẹ abẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú koríko yóò sì máa funfun ní ṣónṣó bí abẹ náà kò bá mú mọ́. Ẹ ra abẹ ìsàlẹ̀ méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ra ẹ̀rọ, kí ẹ sì wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbin koríko.