Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà

Sátidé, ilẹ̀ ti ṣú.

Àbúrò mi obìnrin ló hú ọ̀rọ̀ yìí jáde. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń wo Young Justice, eré àwòrán kan lórí àwọn ọ̀dọ́ akọni, èmi gan-an ni mo sì fà á lé e lọ́wọ́, tí mo ń pọ́n ọn lé bí ẹni ń polówó ọjà. Lálẹ́ yìí ó parí sáà kìíní, inú rẹ̀ dùn dé eyín, ó sì ki orí bọ sáà kejì lójú ẹsẹ̀. Èmi ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń yọjú wò ó díẹ̀díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó ń bọ̀.

Apá àkọ́kọ́ kò tíì parí tó fi dá a dúró. Ó padà síbi tí sáà kìíní parí sí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ akọni náà ti ń ṣọdún tuntun, tí wọ́n ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu ní méjì-méjì. Ó tún tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ó wá ń fi ìka tọ nọ́ńbà àwọn apá náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka owó tí kò pé: mẹ́rìnlélógún, márùndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìkan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó jọ pé wọ́n ti yọ àwọn kan kúrò ńbí o."

Mo ní wọn ò yọ nǹkan kan.

"Ta wá ni Robin tí mò ń wò yìí? Òun kọ́ nìyí o. Kí ló pa Miss Martian àti ọmọkùnrin tó dà bí ẹja yìí pọ̀? Superboy rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ọdún márùn-ún ti kọjá láàárín sáà méjèèjì.

"Nígbà wo?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ìbéèrè tí èmi náà ti ń bèèrè láti ọdún 2012 nìyẹn.

Fún ẹni tó wò ó nígbà tó ń jáde lórí Cartoon Network, ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín. Apá tó parí sáà kìíní jáde ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 2012, èyí tó ṣí sáà kejì jáde ní ọjọ́ 28. A sùn lẹ́ẹ̀méje, a jí, àwọn ọmọ tá a mọ̀ ti di àgbà. Robin ti di Nightwing, ọmọ mìíràn, Tim Drake, ti wọ aṣọ Robin. Wally, ìyẹn Kid Flash, àti Artemis ti fẹ̀yìn tì, wọ́n jọ ń gbé. Kaldur tó jẹ́ Aqualad, ọmọlúàbí inú wọn, ti lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ Black Manta, ó ti di ọ̀tá.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwọn tó ṣe eré yìí, Greg Weisman àti Brandon Vietti, kì í fi àkókò ṣeré. Bí ìran bá ti yí báyìí, wọ́n á kọ ibi tá a wà sójú rẹ̀, wọ́n á kọ ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà 16 sì ni ẹnu wọn kì í kúrò lára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 16 ni wọ́n fi ṣẹ̀dá Superboy láti ara Superman, Ayé 16 ni gbogbo ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, wákàtí 16 ni mẹ́fà nínú àwọn àgbà akọni fi sọnù lópin sáà kìíní láìmọ ohun tí àwọn ọ̀tá fi ọwọ́ wọn ṣe. Wákàtí 16 yẹn dá wàhálà sílẹ̀ débi pé ó gba ibi tó pọ̀ nínú sáà kejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọdún márùn-ún wá ńkọ́? Wọ́n fò ó bí ẹni ń fo ọ̀gbàrá.

Ẹ jẹ́ n fi Miss Martian àti Superboy ṣàlàyé, torí àwọn náà ni wọ́n ba ọkàn àbúrò mi jẹ́. Gbogbo sáà kìíní la fi wo bí ìfẹ́ wọn ṣe ń dàgbà. M'gann, ìyẹn Miss Martian, ń fi ìrísí ara rẹ̀ gan-an pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ̀rù ń bà á pé bí Conner, ìyẹn Superboy, bá rí i á sá. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Conner ti mọ̀ tipẹ́, kò sì sá. Ó gba ọ̀pọ̀ apá ká tó débẹ̀, a sì fara balẹ̀ débẹ̀. Sáà kejì dé, wọ́n ti kọ ara wọn. Kí ló fà á? M'gann ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ọkàn rẹ̀ ya orí àwọn ọ̀tá wò tipátipá, tó bá fi máa rí ohun tó ń wá, ẹni náà ti di òkú ààyè. Conner bá a wí. Ó wá gbìyànjú láti wọ inú orí Conner náà, kó nu ìbínú yẹn kúrò.

Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí ná. Ọmọbìnrin kan fẹ́ràn ọkùnrin kan débi pé ó fẹ́ yí i lérò padà láti inú ọpọlọ, ọkùnrin náà sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí wọ́n ti ń fi agbára ọkàn dárí láti ìgbà tó ti wà nínú ìgò tí wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀! Ìran tó yẹ kí n jókòó tì nìyẹn. Mo fẹ́ rí ojú Conner nígbà tó fura. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde kúrò níbẹ̀. Kò sí ọ̀kankan. Gbólóhùn mélòó kan ni wọ́n fi ròyìn rẹ̀ fún wa, nígbà tí nǹkan mìíràn ń lọ lọ́wọ́, a sì gbọ́dọ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin ẹlẹ́ja yẹn la wá ń wò, tó ń pe M'gann ní Angelfish ní gbogbo ìgbà tó bá ti yanu. (Mi ò lè fara da ọmọ yẹn. Kò ṣẹ̀ mí, mo kàn ń sọ tèmi ni.)

Bákan náà ni ti Superman. Ní sáà kìíní ó ń sá fún Superboy bí ẹni sá fún gbèsè. Batman pè é, ó ní ọmọ yìí nílò bàbá, Superman ní òun kọ́ ni bàbá rẹ̀. A ń dúró dè wọ́n. Nígbà tá a fi máa tún rí wọn, ìjà ti tán, wọ́n ti di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Àwọn òkú tiẹ̀ tún wà. Nínú ihò àpáta tí wọ́n fi ṣe ibùdó, àwòrán onímọ̀lẹ̀ àwọn tó ti kú wà níbẹ̀. Jason Todd dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ Robin lọ́rùn. Ó di Robin, ó ṣiṣẹ́, ó kú, a ò gbọ́ kó húkọ́ rí. Tula, ọmọbìnrin tí Kaldur fẹ́ràn, wà níbẹ̀ náà, ikú rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ní ó lé Kaldur lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ní 2013 wọ́n gbé géèmù kan jáde, Young Justice: Legacy, tí ìtàn rẹ̀ bọ́ sáàárín ọdún márùn-ún yẹn. Ká sọ pé mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn èèyàn mi, ó di kí n lọ ra géèmù.

Mo mọ ohun tí àwọn tó fara mọ́ ọn máa ń sọ, torí mo ti bá wọn jiyàn rí títí ohùn mi fi há. Wọ́n á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àbọ̀ náà dà? Ohun tí wọ́n fún wa kò tó ìdá mẹ́rin. Kì í kúkú ṣe pé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe. Nínú sáà kejì kan náà, ẹ wo Jaime Reyes tó jẹ́ Blue Beetle, tí ohun àjèjì kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn tó ń dá a lóhùn látinú orí ara rẹ̀. Bí ẹ̀rù ṣe ń bà á, bó ṣe bọ́ sí ìkáwọ́ ọ̀tá, bó ṣe rí ara rẹ̀ gbà padà, ojú wa báyìí ló ṣe. Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ni, mo sì ń gbàdúrà fún un.

Kí n má ṣe jẹ́ ìkà, ìyà jẹ àwọn náà. Owó tí wọ́n fi ń ṣe eré náà so mọ́ àdéhùn ohun ìṣeré ọmọdé pẹ̀lú Mattel. Weisman fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé nígbà tí àdéhùn yẹn kásẹ̀ nílẹ̀, owó náà gbẹ. Sáà kejì parí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2013, apá 46 lápapọ̀, ó tán. Inú apá tó kẹ́yìn yẹn ni Wally kú sí. Kò sí sáà mìíràn tí wọ́n máa fi sunkún rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ò jẹ́ kó simi, wọ́n ń wò ó ní àwòtúnwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí ó fi padà ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ju ọdún márùn-ún lọ. A ò rí ibi fò ó gbà ní tiwa, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan la fi jẹ ẹ́.

Ó padà, wọ́n tún fo ọdún méjì. Artemis ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé láìsí Wally, ó ń bá wọn tọ́ Lian, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí sáà kẹta parí, Zatanna, ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídán, mú un lọ ibì kan tó ti rí Wally, wọ́n jókòó, wọ́n dágbére. Mo sunkún, mi ò purọ́. Àṣé kì í ṣe Wally gan-an, ńṣe ni wọ́n hun gbogbo rẹ̀ jọ kí Artemis lè rí ìtura. Ayédèrú ni ìdágbére tá a ti ń dúró dè bọ̀.

Ní sáà kẹrin wọ́n wá pa Conner. Ẹ wo ọ̀fọ̀! M'gann ṣọ̀fọ̀, Gar tó jẹ́ Beast Boy ṣọ̀fọ̀, wọ́n fún un láyè dáadáa, ti Gar sì ni ó dára jù nínú gbogbo eré náà lójú mi: ó ń sùn kiri, ó ń lo oògùn, ó ń lé gbogbo èèyàn, apá lórí apá, kó tó gbà láti lọ bá Black Canary, akọni tó máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, sọ̀rọ̀. Mi ò lè rí i wí sí. Àmọ́ Conner ò kú. Ẹni tó wà láàyè ni wọ́n ṣọ̀fọ̀ fún bí ẹni tó kú, ẹni tó kú ni wọ́n fò kọjá bí ẹni tó rìnrìn àjò.

Aṣọ ti tán lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ti padà sídìí tirẹ̀, ó ní ó dáa, òun gbà pé ọdún márùn-ún ti lọ, kí òun ṣáà rí ibi tó máa já sí. Lójijì ó dá a dúró, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn. Kí n tó dáhùn ó ní Kid Flash ni tòun, torí ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fi ebi dá sẹ́wọ̀n. Ó ní ó dun òun pé ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní ṣé ó máa padà bá wọn kí sáà yìí tó parí.

Mo ní ó máa padà.

Mo gbé aṣọ, mo wọlé.