Kí ẹ tó ra gọ́ọ̀mù: ibi tí omi ti ń wọ inú mọ́tò

Tí òjò bá ti múlẹ̀ ní Òṣogbo, ariwo tí àwọn tó ń wakọ̀ máa ń pa ni pé omi ń wọ inú mọ́tò àwọn. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba ara wọn kì í sì í ju méjì lọ: sá kápẹ́ẹ̀tì sóòrùn, kí o ra gọ́ọ̀mù fi dí i. Mọ́tò tèmi, Corolla tokunbọ̀, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣáájú méjèèjì. Irú omi wo ni?

Ẹ fi tíṣù funfun tẹ kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kí ẹ wò ó, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀. Tó bá mọ́ gaara, tí kò rùn, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ tan ẹ́síì nínú oòrùn ló ń yọ, ẹ má wulẹ̀ dààmú rọ́bà ilẹ̀kùn. Omi ẹ́síì ni. Ẹ́síì ń sọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ di omi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń gbé e jáde sábẹ́ mọ́tò. Tí ìdọ̀tí bá dí rọ́bà náà, omi á yà sínú mọ́tò, ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni á sì máa tutù. Ẹ tan ẹ́síì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ yọjú sábẹ́ mọ́tò. Tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú, ẹ ti rí i. Kí wọ́n yọ ìdọ̀tí inú rọ́bà yẹn ni.

Tí omi náà bá ní àwọ̀ bí ewé tàbí pupa, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó ń rùn bí ohun dídùn, tí gíláàsì iwájú sì ń ṣú láti inú, kúláǹtì nìyẹn, láti inú rédíétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ má fi falẹ̀, torí omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnì lára ló ń jò yẹn. Májèlé sì ni, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án.

Ti òjò ló le jù. Ibi tí omi dúró sí kì í sábà jẹ́ ibi tó gbà wọlé. Ẹ̀yìn ni fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tèmi ti rin, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni gbogbo èèyàn sì ń nàka sí. Bàbá panẹ́lì bítà kan ní Òkè-Fìà ló sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹ fi ibi tí omi sùn sí sílẹ̀. Ọ̀nà tó gbà wọlé là ń wá." Ó ní kí n wọ inú mọ́tò, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n di tọ́ọ̀ṣì mú. Ó wá ní kí ọmọṣẹ́ òun máa fi ọ́ọ̀sì da omi jẹ́jẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó sì pẹ́ díẹ̀ lójú kan kó tó kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí rúùfù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn dé ibi gbogbo, ẹ ò ní mọ èyí tó ń jò.

Ilẹ̀kùn kò jò rárá. Àfi ìgbà tí omi dé ìdí gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà, ni mo rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ tín-ín-rín lára wáyà, lápá ọ̀tún, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Nígbà tí bàbá ṣí ike tó wà lábẹ́ wáípà, ewé igi fúrúùtù ojúde wa ló kún ibẹ̀, ó ti jẹrà, ó sì ti dí ihò tí omi ń gbà jáde pa. Omi á kún títí á fi dé ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú mọ́tò. Àdúgbò wa ní Òkè Baálẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́, òun ni omi fi ń gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn. Ọwọ́ ni a fi kó ewé náà. Gọ́ọ̀mù kankan kò wọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí rewáyà tú ilẹ̀kùn yín láti tún gíláàsì ṣe ni omi bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un tú. Ọ̀rá kan wà lẹ́yìn ike ilẹ̀kùn tó ń dá omi padà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ya á, wọn kì í sì í lẹ̀ ẹ́ padà. Ihò kéékèèké tún wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí kò gbọdọ̀ dí. Ti búùtù, rọ́bà ìdí iná ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Tó bá wá di dandan kí ẹ lo gọ́ọ̀mù, ẹ má lo sílíkóònù tó ń rùn bí fínígà. Ó ń jẹ irin.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ńkọ́? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ẹ kọ́kọ́ wá ojútùú sí ibi tí omi ń gbà wọlé ná. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè pátápátá. Òkè rẹ̀ lè gbẹ kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ ṣì máa ro omi. Ibẹ̀ ni òórùn àti èbu ti ń wá, ibẹ̀ náà sì ni wáyà máa ń gbà kọjá. Mo mọ mọ́tò tí kò ṣíná mọ́ nítorí omi tó dúró sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tokunbọ̀, kó gbé táyà sípíà kúrò, kó ki ọwọ́ sí kòtò abẹ́ rẹ̀, kó sì ká kápẹ́ẹ̀tì iwájú wò kó tó sanwó. Tó bá bá ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ níbẹ̀, kó bi ẹni tó ń tà á bí omi ṣe débẹ̀.